Ewédú mi yọ òdòdó kó tó dé orúnkún, ilá mi sì ga jù mí lọ kó tó so: kí ló ń ṣe ọgbà mi?

Aránṣọ Àpáta (19 oṣù Kọkànlá)

Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Aránṣọ ni mí ní Àpáta, níbí ní Ìbàdàn. Mo ní ọgbà kékeré kan lẹ́yìn ilé, láàárín kànga àti ògiri aládùúgbò, ebè mẹ́rin péré. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ilá níbẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, a kì í ra ẹ̀fọ́ nílé wa mọ́ títí ọdún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọ̀rọ̀ ọgbà yìí ká mi lára púpọ̀. Ohun mẹ́ta ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún yìí tí n kò rí ìdí wọn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ là mí lóye.

Iṣẹ́ mi ti jẹ́ kí wíwọn nǹkan mọ́ mi lára. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi. Bí mo bá jáde lọ bomi rin ẹ̀fọ́ láàárọ̀, ọrùn mi náà ló máa wà. Bí mo ṣe ń wọn oníbàárà ni mo ṣe ń wọn ẹ̀fọ́ mi, ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí ni mo sì ń kọ tiwọn sí. Nítorí náà, kì í ṣe àfojúbù ni mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú ewédú ṣáájú. Mo máa ń di irúgbìn rẹ̀ mọ́ aṣọ, màá rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, màá ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, màá yọ ọ́, torí èèpo rẹ̀ le. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í hù. Èyí tí mo gbìn ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ti ga tó ínṣì 31 nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ewé ló kún ara rẹ̀, kò sí òdòdó kankan. Mo já a, ó rúwé, mo tún já a, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jẹ ẹ́ títí wọ oṣù Kẹjọ. Inú ike kan náà ni mo ti bu irúgbìn tí mo gbìn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá. Ebè kan náà, ìgbẹ́ adìẹ kan náà tó ti jẹrà dáadáa, omi kànga láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ínṣì 11 péré ló ga, ó ti yọ òdòdó yẹ́lò wínníwínní. Lónìí, èso ti gùn lórí rẹ̀ bí ìka ọmọdé. Ewé rẹ̀ kéré, ó le. Mo sè é, mo fi ìjábẹ̀ lù ú títí apá fi ń ro mí, kò yọ̀ bó ṣe yẹ kó yọ̀.

Ó wá kan ilá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló mú irúgbìn rẹ̀ wá fún mi láti abúlé. Ìparí oṣù Kẹta ni mo gbìn ín, lójú àkọ́rọ̀. Àwọn àgbà ní ilá kì í ga ju onílá; èyí ga jù mí lọ. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 4 ni mí, ilá náà wọn ẹsẹ̀ bàtà 7 ní oṣù Kẹjọ, kò sì ní òdòdó kan ṣoṣo. Ọkọ mi ní kí n gé e kí àyè lè wà fún nǹkan mìíràn. Ọwọ́ mi kò gbà á. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án ń parí lọ ló yọ òdòdó àkọ́kọ́, látìgbà náà ló sì ti ń so. Mo ká mẹ́tàlá láàárọ̀ yìí.

Ìkẹta ló yà mí lẹ́nu jù. Aládùúgbò mi kan iná sólà mọ́ ògiri rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án nítorí olè. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ni iná náà máa tàn, kò ní kú títí ilẹ̀ á fi mọ́, orí ebè mi kẹrin gan-an ló sì ń tàn sí. Irúgbìn kan náà, ọjọ́ kan náà ni mo gbin ewédú sórí ebè yẹn àti ìyókù, ṣùgbọ́n òun kò yọ òdòdó! Ínṣì 18 ló wọn láàárọ̀ yìí, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ náà parí sí ni òdòdó ti bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sórí aṣọ.

Mo ti lọ bá ìyá tó ta irúgbìn ewédú fún mi lọ́jà, mo sì sọ̀rọ̀ sí i gidi. Mo ní ó ti po irúgbìn ògbólógbòó mọ́ tuntun. Ó búra pé òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àtìgbà tí mo ti rí ebè kẹrin yìí lọ́kàn mi kò ti balẹ̀ mọ́, torí bó bá jẹ́ irúgbìn ló bàjẹ́, ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìbá bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Ọmọ Ológunẹrú (19 oṣù Kọkànlá)

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Omi ni. Tí òjò bá ti lọ, ilẹ̀ á gbóná, ewédú á rí i pé òun kò ní pẹ́ láyé, á yáa so kó lè rí irúgbìn fi sílẹ̀. Ẹ máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kẹ́ ẹ sì kó koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ kí omi má baà tètè fà. Ti ilá, ìgbẹ́ adìẹ ló pọ̀ jù. Tí oúnjẹ bá pọ̀ fún ilá, ewé ló máa ń fi ṣe.

Aránṣọ Àpáta (19 oṣù Kọkànlá)

O ṣé, ọmọ mi. Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n garawa méjì méjì ni mò ń bù sí ebè kọ̀ọ̀kan, mi ò fi tọ̀kan ju tèkejì. Láti ebè kẹta sí ẹ̀kẹrin kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, oòrùn kan náà ló ń pa wọ́n. Bó bá jẹ́ omi, kí ló dé tí ẹ̀kẹrin kò fi yọ òdòdó? Ilá náà kò sì rí ìgbẹ́ adìẹ kankan jẹ. Ìdí ògiri ló wà, níbi tí mo máa ń da eérú sí. Ti koríko gbígbẹ yẹn dára, màá ṣe é lónìí.

Bàbá Mọníyà (20 oṣù Kọkànlá)

Aránṣọ, ọmọ mi, o kú akitiyan. Ilá rẹ kò ṣàìsàn. O gbin ilá àrọ̀kúrò lójú àkọ́rọ̀, o wá ń bi í pé kí ló dé tí kò yára.

Èrúwà ni wọ́n ti bí mi, oko ni mo sì dàgbà sí kí n tó wá máa gbé Mọníyà. Akèrègbè irúgbìn méjì ni bàbá mi ní, ó ń fi wọ́n kọ́ sókè ààrò kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Ọ̀kan wà fún àkọ́rọ̀, ìkejì wà fún àrọ̀kúrò. Àgbàdo kò níṣòro, ó lè wọ inú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ìbílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ kí oṣù Kẹjọ tó dé. Mo rántí ọdún kan tí ẹ̀gbọ́n mi gbin ẹ̀wà sílẹ̀ nínú oṣù Kẹrin láìgbàṣẹ. Ẹ̀wà náà fà, ó fà, ó bo ebè, ó gun igi àgbàdo, ewúrẹ́ jẹ ewé rẹ̀ yó, kò sì so títí òjò fi fẹ́ lọ. Bàbá mi kò nà án. Ó kàn sọ pé, "Ẹ̀wà mọ oṣù."

Irú ilá tí wọ́n fún ọ yẹn, ó mọ oṣù. Iṣẹ́ tí wọ́n bí i fún ló ń ṣe. Nígbà tí òjò bá pọ̀, ilá kéékèèké tó ń yá wà káàkiri, kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń lọ, tí ilá wọ́n lọ́jà, ìgbà yẹn ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí o bá tọ́jú rẹ̀, wàá ká a títí wọ inú ọyẹ́. Má gé e o! Fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dára jù sílẹ̀ kó gbẹ fún irúgbìn.

Ti ewédú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: wo àwọn tó ń ṣe àkùrọ̀ lẹ́bàá odò. Wọn kì í já a kó tún rú. Wọ́n á gbìn ín kó ki, kó fara kan ara wọn, bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó tó ronú òdòdó rárá, wọ́n á fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n á dì í, wọ́n á tún gbin òmíràn. Òjò ni jíjá wà fún. Ẹ̀ẹ̀rùn, fífà ni.

Nǹkan kan ṣì kù. Àsìkò yìí ni àwọn tata wẹ́wẹ́ dúdú tó ní àmì yẹ́lò ń jáde nínú ilẹ̀. Ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó ràn, wọ́n máa ń kóra jọ sórí ewé kan ṣoṣo, òtútù kì í jẹ́ kí wọ́n lè fò. Gbé omi ọṣẹ sábẹ́ ewé náà kó o gbọ̀n wọ́n sí i. Bí o bá jẹ́ kí wọ́n dàgbà di oṣù Kejì, kò ní sí ewé tí wàá rí wọ̀n mọ́.

Ti iná sólà yẹn, kò yé mi. Kò sí iná lóko wa.

Olùkọ́ Òkè-Àdó (20 oṣù Kọkànlá)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Aránṣọ. Bàbá Mọníyà, ẹ ṣeun gan-an sà, "ẹ̀wà mọ oṣù" tí bàbá yín sọ yẹn ni gbogbo ìdáhùn. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ girama, inú mi sì dùn débi pé mo dìde lórí oúnjẹ láti wá kọ èyí. Ebè kẹrin yín ni ẹlẹ́rìí, Mà. Wọ́n gbìn wọ́n lọ́jọ́ kan náà, wọ́n mu omi kan náà, òkùnkùn nìkan ni wọn kò jọ rí.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ìlú wa kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fura pé ojúmọ́ ń gùn, ó sì ń kúrú. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹfà, aago 7 ìrọ̀lẹ́ máa ń kọjá díẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀ ní Ìbàdàn. Ní oṣù Kọkànlá tí a wà yìí, kì í tó aago 6:30 tó fi ń wọ̀. Láti ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún dé èyí tó kúrú jù, ìyàtọ̀ wọn níbí kò tó wákàtí kan. Àwa ènìyàn kò kà á sí. Ewédú kà á sí, ilá ìbílẹ̀ kà á sí, ẹ̀wà ìbílẹ̀ náà kà á sí.

Bí wọ́n ṣe ń kà á gan-an ni pé òru ni wọ́n ń wọ̀n. Ewé ló ń ṣe é. Bí òkùnkùn bá gùn tó ìwọ̀n tí irúgbìn náà mọ̀, tó sì tẹ̀ léra wọn fún ọjọ́ mélòó kan, ewé á ránṣẹ́ sí orí ẹ̀ka pé kó fi ewé ṣíṣe sílẹ̀, kó máa ṣe òdòdó. Nínú oṣù Karùn-ún àti Kẹfà, òru kúrú fún ewédú yín, ó ń ṣe ewé lọ. Nínú oṣù Kẹwàá, òru ti gùn kó tó jáde nínú ilẹ̀ pàápàá, kò sì níṣẹ́ mìíràn ju òdòdó lọ, bó ti wù kó kéré tó. Ilá abúlé yín náà ń dúró de òru gígùn yìí láti oṣù Kẹta. Ní ti ebè kẹrin, iná sólà kò jẹ́ kí òkùnkùn kankan pé lórí rẹ̀. Lójú rẹ̀, oṣù Kẹfà la ṣì wà.

Àwọn àgbẹ̀ wa ti mọ èyí ní ìṣe tipẹ́, bí Bàbá ṣe wí. Àwọn tí wọ́n mọ̀ jù fún kíkọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ni W. W. Garner àti H. A. Allard, ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1920. Tábà kan tó ń jẹ́ Maryland Mammoth ló dà wọ́n láàmú bí ilá yín: ó ń ga ṣáá nígbà ooru, kò yọ òdòdó. Wọ́n wá ń gbé e sínú òkùnkùn lọ́sàn-án kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ojúmọ́ rẹ̀ lè kúrú. Ó yọ òdòdó láàárín ooru.

Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń wá irúgbìn tí kì í ka òru. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí lọ́dún 1967, wọ́n ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀. NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, ilé ìwádìí ìjọba lórí ẹ̀fọ́ àti èso, tí òun bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1975, ló mú ilá NHAe 47-4 jáde, ilá kúkurú tó máa ń tètè so. Bí ẹ bá fẹ́ ilá jẹ nínú oṣù Karùn-ún àti Kẹfà, irú ìyẹn ni kẹ́ ẹ gbìn lójú àkọ́rọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ti abúlé máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri de oṣù Kẹsàn-án tirẹ̀. Ẹ gbin méjèèjì. Kò yẹ kí irúgbìn tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín gbé fún yín parun.

Ọmọ Ológunẹrú, ohun tí o sọ kì í ṣe irọ́ o. Bí ebi omi bá ń pa ewédú, á yára so ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà koríko gbígbẹ yẹn wúlò. Ṣùgbọ́n bí o bá bu odò Ògùnpa lé e lórí ní oṣù Kọkànlá, á ṣì yọ òdòdó.

Mà, bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ ṣe ti Garner àti Allard nígbà tí òjò bá dé. Ẹ bo ewédú díẹ̀ láti aago 5 ìrọ̀lẹ́ di aago 7 àárọ̀, kẹ́ ẹ má bo ìyókù. Ẹ má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kankan wọlé.

Aránṣọ Àpáta (21 oṣù Kọkànlá)

Olùkọ́, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹrin. Bàbá Mọníyà, ẹ ṣeun sà, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti gbọ̀n tata sínú omi ọṣẹ láàárọ̀ yìí, wọ́n pọ̀ lórí ewúro mi bí ìlẹ̀kẹ̀.

Mo fẹ́ lọ bá ìyá onírúgbìn yẹn lọ́la. Mo sọ ohun tí kò yẹ sí i lójú àwọn ènìyàn, ojú àwọn ènìyàn náà ni màá ti tọrọ àforíjì.

Aránṣọ Àpáta (30 oṣù Kẹfà)

Ẹ kú òjò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo fẹ́ kí n rí òpin rẹ̀ kí n tó padà wá.

Lákọ̀ọ́kọ́, ebè kẹrin tọ́jú wa títí oṣù Kìn-ín-ní fi wọlé. Nínú ọyẹ́, tí ètè ń bẹ́, ewédú tútù la fi jẹ àmàlà lọ́jọ́ Kérésì. Ebè mẹ́ta yòókù, mo ṣe wọ́n bí Bàbá ṣe wí: mo gbìn wọ́n kí wọ́n ki, mo fà wọ́n tu ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, mo sì tún gbin òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kí òjò tó dé. Kò ga ju ínṣì 9 tàbí 10 lọ nígbà tí mo ń fà á, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó sì yọ̀. Ilá abúlé so wọ oṣù Kejì. Mo fi mẹ́rin gbẹ fún irúgbìn.

Ó di ti bíbò tí Olùkọ́ ní kí n ṣe. Mo gbin ewédú ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún sórí ebè kìíní, tó jìnnà sí iná sólà. Mo ya igi mẹ́jọ sọ́tọ̀ ní apá kan, mẹ́jọ ní apá kejì. Mo rán aṣọ dúdú tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ mi ní ìlọ́po mẹ́ta, mo fi bo apẹ̀rẹ̀ ńlá méjì, mo da ọ̀rá lé e nítorí òjò. Mo wọ abẹ́ rẹ̀ wò fúnra mi lọ́sàn-án gangan, n kò rí ọwọ́ ara mi. Láti ọjọ́ kejìlélógún oṣù Karùn-ún, aago 5 ìrọ̀lẹ́ mo bò wọ́n, aago 7 àárọ̀ mo ṣí wọn. Kò sí ọjọ́ tí mo fò. Ọjọ́ tí mo lọ síbi ìsìnkú ní Ọ̀yọ́, ọmọ mi obìnrin ló bò wọ́n, mo sì pè é lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà ni mo rí ẹyin òdòdó àkọ́kọ́ lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹtàdínlógún, mẹ́jọ nínú mẹ́jọ ló ti yọ òdòdó, èyí tó ga jù nínú wọn wọn ínṣì 14. Mẹ́jọ tí n kò bò ń bẹ ní ínṣì 27 sí 30 lọ́jọ́ náà. N kò rí òdòdó kan lára wọn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò ní ìrọ̀lẹ́ kí n lè dájú.

Mo já ewé méjì méjì láti apá méjèèjì, mo sì mú wọn lọ bá ìyá onírúgbìn lọ́jà. Láti oṣù Kọkànlá tí mo ti bẹ̀ ẹ́ la ti di ọ̀rẹ́. Ó gbé èyí tó ní òdòdó dání, ó wò ó pẹ́, ó wá sọ fún mi pé ọdọọdún, bí oṣù Kọkànlá bá ti dé, oníbàárà méjì mẹ́ta ló máa ń wá bá òun jà lórí ewédú tó so ní kékeré. Ó ní òun ti fìgbà kan dá irúgbìn odidi àpò kan nù nítorí ọ̀rọ̀ wọn, òun rò pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òru fún un bí Olùkọ́ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní bó bá ti di oṣù Kẹsàn-án, kí òun tó di irúgbìn fún ẹnikẹ́ni, òun á kọ́kọ́ béèrè bóyá jíjá ni wọ́n fẹ́ já a tàbí fífà. Mo fún un ní ìdajì irúgbìn ilá mi kó máa tà á, àdéhùn wa sì ni pé kó máa sọ fún ẹni tó bá rà á pé kó má gé e.